Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Akin?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní yin ni yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Ohun tí òwe yìí fi yé wa ni pé iṣẹ́ ni ó ń ṣáájú, ìyìn ni ó ń tẹ̀ lé e, ìyìn náà ni ó sì ń bí iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ètò yìí bá dàrú: nígbà tí akin bá ṣe iṣẹ́ tán tí wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta, tàbí nígbà tí wọ́n bá ti yin ènìyàn tán kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kan. Lójú tèmi, ohun tí fíìmù The Right Stuff dá lé lórí gan-an nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàálù àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo sì fẹ́ fi hàn pé fíìmù náà fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ń torí rẹ̀ bá àwọn akọ̀ròyìn wí.

Philip Kaufman ni ó kọ eré náà tí ó sì darí rẹ̀. Ọdún 1983 ni ó jáde ní Amẹ́ríkà, inú ìwé tí Tom Wolfe tẹ̀ jáde ní 1979 ni ó sì ti mú ìtàn rẹ̀. Ó gùn ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ó gba ẹ̀bùn Oscar mẹ́rin, fún ìtò àwòrán, fún orin tí Bill Conti kọ, àti méjì fún iṣẹ́ ohùn, síbẹ̀ owó tí àwọn òǹwòran san kò tó èyí tí a fi ṣe é. Àwọn kan di ẹ̀bi èyí ru òṣèlú. Ní ìgbà náà, John Glenn, ọ̀kan nínú àwọn tí fíìmù náà sọ ìtàn wọn, ń polongo láti di ààrẹ nínú ìbò ọdún 1984, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ìpolongo ni wọ́n fẹ́ fi fíìmù bò lójú.

Mo ti gbìyànjú títí láti túmọ̀ àkọlé rẹ̀ sí Yorùbá. Ìgboyà kò tó o, nítorí òmùgọ̀ pàápàá lè ní ìgboyà. Bí a bá pè é ní ojúlówó èròjà, yóò dà bí ẹni pé ọbẹ̀ ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí Wolfe ní lọ́kàn ni ànímọ́ kan tí àwọn awakọ̀ òfurufú wọ̀nyí mọ̀ lára ara wọn, tí ó sì dà bí èèwọ̀ fún wọn láti dárúkọ: pé kí ènìyàn gbé ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí ó lè pa á, kí ó mọ̀ ọ́n wà dé ibi tí ikú wà, kí ó fà á padà ní ìṣẹ́jú àáyá tí ó kẹ́yìn, kí ó sì tún lọ ní ọ̀la. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó súnmọ́ ọn, òun náà ni 'akin'. Òun ni n ó máa lò.

Ibi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ ni aṣálẹ̀ kan ní Kalifóníà, ní pápá ọkọ̀ òfurufú Muroc, tí a wá ń pè ní Edwards lẹ́yìn náà. Ohùn asọ̀tàn ni a kọ́kọ́ gbọ́, lórí àwòrán dúdú-òun-funfun. Ó ní ànjọ̀nú kan ń gbé inú afẹ́fẹ́, ní ibi tí ìyára bàálù àti ìyára ohùn ti pàdé, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì lọ pè é níjà kò ní padà wá sọ ọ́. (Mo bẹ ẹni tí yóò bá tú fíìmù yìí sí èdè wa, kí ó má pe ànjọ̀nú náà ní Èṣù. Ìyà tí àwọn olùtumọ̀ ti fi jẹ Èṣù tó gẹ́ẹ́.) Ọ̀rọ̀ ìtàn lásán kọ́ ni ọ̀rọ̀ ànjọ̀nú yìí ní ayé ọjọ́ náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1946, bàálù fọ́ mọ́ Geoffrey de Havilland, ọmọ gbajúmọ̀ aṣe-bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, lójú òfurufú, bí ó ti ń sún mọ́ ìyára yìí. Ní òkè tí ó ga tó 40,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí otútù pọ̀, ohùn ń rin nǹkan bí 660 máìlì ní wákàtí kan. Bí bàálù bá ti ń sún mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ a máa kó jọ níwájú rẹ̀ bí ògiri, ìdarí a le koko lọ́wọ́ awakọ̀, gbogbo ara ọkọ̀ a sì máa gbọ̀n.

Bell X-1 ni ọkọ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe láti fi kojú ògiri yìí. Wọ́n gbẹ́ ẹ ní àwòrán ọta ìbọn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọta ìbọn ń sáré ju ohùn lọ láìfọ́. Kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́rin ni ó ń tì í, ọtí líle àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí a sọ di omi ni wọ́n sì ń dáná sí nínú rẹ̀. Kì í gbéra nílẹ̀ bí bàálù yòókù: abẹ́ ikùn bàálù ńlá kan ni wọ́n ń so ó mọ́ dé òkè, kí wọ́n tó jù ú sílẹ̀ bí ẹyin. Kaufman mọ̀ pé àlàyé báyìí yóò sú òǹwòran, nítorí náà àwòrán ni ó fi ṣàlàyé. Ọkùnrin kan gun ẹṣin jáde láti inú igbó aṣálẹ̀. Ó bá ohun ọsàn kan tí ń tu iná ní ìdí, ẹṣin náà sì ta kúrò nílẹ̀ nínú ìbẹ̀rù. Ọkùnrin yìí kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wo ọkọ̀ náà bí ọdẹ ti ń wo ẹran tí ó ju agbára rẹ̀ lọ.

Chuck Yeager ni ọkùnrin náà. Sam Shepard ni ó ṣe ipa rẹ̀, kí òǹkàwé má sì ṣe ṣì í mú fún Alan Shepard tí òun náà wà nínú ìtàn. Òǹkọ̀wé eré ni Sam Shepard, mo sì rò pé ìdí nìyí tí ó fi mọ bí a ti ń fi àìsọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Ó kù díẹ̀ kí Yeager fò ni ó ṣubú lórí ẹṣin, tí eegun ìhà rẹ̀ sì kán. Bí àwọn ọ̀gá bá gbọ́, ẹlòmíràn ni yóò fò. Jack Ridley, ẹnjiníà tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, nìkan ni ó sọ fún. Ọwọ́ ọ̀tún Yeager kò lè ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà. Kí ni Ridley ṣe? Ó rẹ́ igi ìgbálẹ̀ kan, ó fún un pé kí ó máa fi í ti ìlẹ̀kùn. Ọkọ̀ tí owó ìjọba gọbọi wà nínú rẹ̀, igi ìgbálẹ̀ ni ó mú un fò! Ìtàn tòótọ́ ni, kò sí àbùmọ́ níbẹ̀.

Kí Yeager tó wọlé, ó bi Ridley bóyá ó ní ṣingọ́ọ̀mù, ó ní kí ó yá òun ní ẹyọ kan, òun yóò san án padà. Ìgbà púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí tún wáyé nínú fíìmù. Àwọn lámèyítọ́ kan kà á sí ẹ̀fẹ̀. Èmi gbà pé ó ju ẹ̀fẹ̀ lọ. Ẹni tí ó jẹ gbèsè ní láti padà wálé wá san án, ẹni tí a sì jẹ ní gbèsè ní láti dúró dè é. Bí wọ́n ṣe ń dágbére nìyẹn láìmẹ́nu kan ikú. Èmi kò rí ìdágbére tí ó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1947, Yeager kọjá ìyára ohùn, ó dé 1.06 lórí òṣùwọ̀n Mach. Àwọn tí ó wà nílẹ̀ gbọ́ ìró kan bí ààrá, wọ́n rò pé ó ti fọ́ sọ́run. Ànjọ̀nú kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ mi ṣẹlẹ̀: wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ. Àṣírí ìjọba ni. Ìwé ìròyìn kan tí ń sọ nípa ọkọ̀ òfurufú tú u síta ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ṣùgbọ́n ó di oṣù kẹfà ọdún 1948 kí àwọn ológun òfurufú tó fi ẹnu ara wọn jẹ́wọ́ rẹ̀. Akin ti borí, kò sì sí ìlù. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ nínú ilé ọtí ni wọ́n mọ̀.

Ilé ọtí yẹn ṣe kókó. Ti Pancho Barnes ni, obìnrin kan tí òun náà ti jẹ́ awakọ̀ òfurufú, tí ó ti fi ìyára borí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1930. (Fíìmù sọ ọ́ di olóúnjẹ alárìíwo lásán, ó sì dùn mí.) Àwòrán àwọn awakọ̀ kún ara ògiri ilé náà. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ tuntun dé, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn ní láti ṣe kí àwòrán tirẹ̀ tó dé orí ògiri. Ìdáhùn náà kúrú: kí ó kú. Ògiri náà ni oríkì wọn. Kò sí akọ̀ròyìn tí ó ń kà á, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nìkan ni, àwọn tí ó mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe àti bí ó ṣe kú. Ilé náà jóná ní 1953, ògiri àti àwòrán.

Ìdàkejì ògiri náà ni àlùfáà tí ó wọ aṣọ dúdú. Bí bàálù bá ti já, a ó rí i tí ó ń rìn bọ̀ wá sí ẹnu-ọ̀nà ilé ẹnìkan. Obìnrin tí ó wà nínú ilé yóò ti rí i láti ojú fèrèsé, kò ní fẹ́ ṣílẹ̀kùn. Kaufman kò jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ fún wọn, kò sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Nínú fíìmù yìí, àwọn aya ni wọ́n rí ikú kí àwọn ọkọ tó rí i. Glennis Yeager, tí Barbara Hershey ṣe ipa rẹ̀, sọ fún ọkọ rẹ̀ ní gbangba pé ìjọba ń náwó láti kọ́ wọn ní àìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ ìyàwó wọn.

Títí dé ibí yìí, kò sí ohun tí mo lè fi bá Kaufman jà. Láti ìgbà tí ó ti fi aṣálẹ̀ sílẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ ti dàrú díẹ̀.

Apá kejì jẹ́ ti àwọn méje tí ìjọba yàn láti kọ́kọ́ lọ sójú ọ̀run nínú ètò tí a pè ní Mercury. Wọn kò pe Yeager, nítorí kò lọ sí yunifásítì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1959, wọ́n kó àwọn méje náà síwájú àwọn akọ̀ròyìn ní Washington. Akọ̀ròyìn kan béèrè pé èwo nínú wọn ni ó dá lójú pé òun yóò lọ, òun yóò sì bọ̀. Gbogbo wọn nawọ́. Glenn na ọwọ́ méjèèjì. Ariwo sọ, kámẹ́rà ń dún kọ̀ọ̀rọ̀-kọ̀ọ̀rọ̀ bí eéṣú tí ó bà sórí oko àgbàdo. Wọn kò tíì fò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ yìn wọ́n. Òwe àwọn àgbà ti dojú dé.

Bí Kaufman ṣe to ìran yìí tì í ti ìlẹ̀kùn àti igi ìgbálẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́. Ó sọ Lyndon Johnson di aláwàdà orí pèpéle, ó sì sọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì di ohun ẹ̀rín nítorí bí wọ́n ṣe ń pe Gẹ̀ẹ́sì. Irú ẹ̀rín báyìí kò ṣòro láti pa.

Ìran kan ṣoṣo ni Johnson ti wúlò. Annie, aya John Glenn, jẹ́ akólòlò. Johnson jókòó sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó fẹ́ wọlé pẹ̀lú àwọn onítẹlifíṣọ̀n kí gbogbo ayé lè rí i tí ó ń tu aya akọni nínú. Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Glenn bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní bí kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, kí ẹnikẹ́ni má wọlé, òun wà lẹ́yìn rẹ̀ digbí. Ọ̀gá kan halẹ̀ pé àwọn yóò gba ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn mẹ́fà yòókù, tí púpọ̀ nínú wọn kò fẹ́ràn ìwà oníwàásù Glenn tẹ́lẹ̀, dúró tì í. Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i pé akin lè wà nínú àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú, pé kì í ṣe inú aṣálẹ̀ nìkan ni ó ń gbé.

Ọ̀rọ̀ Gus Grissom ni ó gbé mi dé ibi tí mo ń lọ. Òun ni ará Amẹ́ríkà kejì tí ó dé ojú ọ̀run, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù keje ọdún 1961. Ìrìn-àjò rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ó sì bọ́ sínú òkun bí wọ́n ti fẹ́. Bí ó ti ń dúró de hẹlikópítà ni ètù tí a fi ń ṣí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ bú gbàù. Omi ya wọlé, Grissom bẹ́ sínú òkun, aṣọ rẹ̀ ń gba omi sínú, díẹ̀ ni ó kù kí ó rì. Ọkọ̀ náà rì ní tirẹ̀. Grissom ní òun kò fọwọ́ kan ohun tí ń ṣí ìlẹ̀kùn náà rárá. Ṣé òótọ́ ni?

Fíìmù kò sọ ọ́ síta pé irọ́ ni. Ohun tí ó ṣe burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú Grissom nínú ọkọ̀ tóóró náà, ó jẹ́ kí a gbọ́ èémí rẹ̀ tí ń sá sókè-sódò, ó jẹ́ kí a rí ojú rẹ̀ tí ń yí kiri bí ti ẹran tí a dè mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìlẹ̀kùn fi máa bú, òǹwòran ti dá ẹjọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni a rí òun àti Betty ìyàwó rẹ̀ nínú yàrá ilé ìtura kan. Obìnrin náà ti ń retí pé àwọn yóò lọ sí ààfin ààrẹ bí wọ́n ti ṣe fún Alan Shepard, pé òun yóò bá ìyàwó Kennedy sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Veronica Cartwright ṣe ipa Betty dé ojú àmì, ìran náà sì dùn mí títí di òní. Ó dùn mí fún ìdí méjì. Èkíní ni pé ó fi bí ojú ṣe ń ti ìdílé hàn láìsí àbùmọ́. Èkejì ni pé mo mọ̀ pé ìtìjú náà kò tọ́ sí wọn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, Wally Schirra, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, padà bọ̀ láti ojú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ ojú omi tán, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọwọ́ lu ohun tí ń ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ohun náà ta padà, ó sì pa á lọ́wọ́ lára ní ojú-ẹsẹ̀. Kò sí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lára Grissom nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tí ó yan án sí iṣẹ́ kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe é: òun ni wọ́n fi ṣe olórí ìrìn-àjò ẹlẹ́ni-méjì àkọ́kọ́ ní ètò Gemini, ní oṣù kẹta ọdún 1965, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe olórí Apollo àkọ́kọ́. Inú ọkọ̀ Apollo yẹn ni ó kú sí pẹ̀lú Ed White àti Roger Chaffee, ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 1967, nígbà tí iná sọ nínú rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ìlẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn kò ṣeé ṣí kíákíá. Ní 1999, wọ́n gbé ọkọ̀ rẹ̀ tí ó rì jáde láti ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì, kò sì sí ohun kan tí wọ́n rí lára rẹ̀ tí ó sọ pé ó jẹ̀bi. Gbogbo èyí kọ́ ni Kaufman lè mọ̀ ní 1983. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ Schirra ti wà nílẹ̀ fún ogún ọdún. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ẹnìkan lè sọ pé olùdarí eré kì í ṣe òpìtàn, pé ó lómìnira láti tún ìtàn ṣe. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Òmìnira náà gan-an ni mo fẹ́ kí á wò, nítorí Kaufman lò ó lọ́nà méjì tí ó tako ara wọn. Ọ̀nà kan nìyí. Ní ìparí fíìmù, Yeager gbé bàálù kan lọ sókè títí dé ibi tí òfurufú ti ń dúdú. Bàálù náà pòòyì, ó já, Yeager sì bẹ́ jáde. Ẹ̀fín ńlá bo aṣálẹ̀. Ridley àti awakọ̀ kan ń sáré bọ̀ nínú ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn. Awakọ̀ náà rí ohun kan tí ń rìn bọ̀ láti inú ẹ̀fín, ó béèrè bóyá ènìyàn ni. Ridley fi ìbúra dáhùn pé ènìyàn ni, ènìyàn gidi. Yeager jáde sí wa, ojú rẹ̀ jóná, párásúùtì rẹ̀ wà lápá, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 1963 ni bàálù yẹn já ní tòótọ́. Jack Ridley ti kú láti 1957, nínú bàálù tí ó já ní ilẹ̀ Jàpáànù.

Kaufman jí òkú dìde kí akin lè ní ẹlẹ́rìí. Kò sí ẹni tí ó tọ́ sí láti sọ ọ̀rọ̀ náà bí kò ṣe ẹni tí ó rẹ́ igi ìgbálẹ̀. Ó tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: Levon Helm tí ó ṣe ipa Ridley ni ó tún jẹ́ ohùn asọ̀tàn. Láti ìgbà tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ànjọ̀nú títí dé òpin, ohùn ọ̀rẹ́ ni ó ń pìtàn fún wa. Irọ́ ni ìran yìí bí a bá fi ojú òpìtàn wò ó, síbẹ̀ n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó lágbára láti jí òkú kan dìde kí ó lè gbé orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ga, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀gàn ni ó wá fún òkú kejì? Nínú àwùjọ tí a ti ń kì oríkì, àléébù ènìyàn a máa wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ẹbí ni akéwì ti ń kì í, bí ó bá sì ṣì í kì, wọn yóò dá a lẹ́kun. Ìyá Grissom kò sí nínú òkùnkùn ilé sinimá láti sọ pé ọmọ òun kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Slick Goodlin tiẹ̀ wà láàyè ní tirẹ̀. Òun ni ó fi X-1 dánra wò fún iléeṣẹ́ Bell kí ó tó kan Yeager. Fíìmù fi í hàn bí olójúkòkòrò tí ó béèrè 150,000 dọ́là kí ó tó kojú ànjọ̀nú, kí ìwà Yeager tí ń fi owó oṣù ológun ṣe é lè mọ́lẹ̀ sí i. Goodlin sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ni ó gbọ́?

Àwọn mìíràn sì wà tí a kò yìn tí a kò sì bú, tí a kàn fò dá. Ed Dwight, ọ̀gágun òfurufú tí ó jẹ́ ènìyàn dúdú, wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Edwards ní àkókò tí Yeager jẹ́ olórí rẹ̀. Ó wà nínú ìwé Wolfe. Kò sí nínú fíìmù. Dwight sọ lẹ́yìn náà pé Yeager kò fẹ́ kí òun yege, Yeager sì sẹ́. N kò lè dá ẹjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí a bá fi í sínú fíìmù, Yeager tí ń jáde láti inú ẹ̀fín kò ní mọ́ tónítóní tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Dwight kò dé ojú ọ̀run títí di oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí ó ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Ibì kan wà tí mo ti fẹ́ràn àbùmọ́ Kaufman gan-an. Nígbà tí Glenn ń yí ayé po ní ọjọ́ ogún oṣù kejì ọdún 1962, ó rí àwọn nǹkan kéékèèké tí ń tàn yòò bí tannátanná yí ọkọ̀ rẹ̀ ká. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, Scott Carpenter fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀ tirẹ̀ láti inú, ó sì rí i pé yìnyín tí ó dì mọ́ ara ọkọ̀ ni. Fíìmù kò tẹ̀ lé Carpenter. Ó gbé wa lọ sí Ọsirélíà, níbi tí àwọn àgbà ọmọ onílẹ̀ ti dá iná ńlá lóru láti dáàbò bo ẹni tí ó wà lókè. Ẹyin iná ń ta sókè láti ibẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi di tannátanná Glenn. Kaufman kò fi àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín bí ó ti fi àwọn ará Jámánì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń bójú tó ọmọ ẹlòmíràn tí ń kọjá lórí ilẹ̀ wọn, ìyẹn sì tó. Kí Glenn tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti kọjá lórí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ibùdó kan wà ní Kánò tí wọ́n ti bá a sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó sì rí eruku aṣálẹ̀ wa láti òkè. Fíìmù kò yà síbẹ̀. Mo gbà pé wákàtí mẹ́ta kò lè gba gbogbo ayé, ṣùgbọ́n n kò lè ṣe kí n má wòye ohun tí Kaufman ìbá ti fi Kánò ṣe.

Ilé ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti kọ́kọ́ wo fíìmù yìí, lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Bí bàálù Yeager ti bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì bọ̀ wá sílẹ̀ ni iná mànàmáná lọ. Ọjọ́ kejì ni a tó rí ìparí rẹ̀. Ní gbogbo alẹ́ yẹn, a ń jiyàn bóyá ó yè tàbí ó kú, títí ìyàwó ọ̀rẹ́ mi fi ní kí á jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn. N kò mọ ẹnì kankan láàrin wa tí ó béèrè nípa àwọn méje. Ní àkókò kan náà tí bàálù ń já, àwọn méje wà níbi àsè ẹran sísun ńlá kan ní Houston, wọ́n ń wo arúgbó oníjó kan, Sally Rand, tí ń fi abẹ̀bẹ̀ ìyẹ́ jó. Kaufman ń fi ọ̀kan bọ inú èkejì: ìyẹ́ funfun, òfurufú dúdú. Ó tilẹ̀ yí àkókò padà nítorí rẹ̀, nítorí ọdún 1962 ni àsè yẹn. Àwọn méje ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀. A rí i lójú wọn pé wọ́n mọ ohun tí ìyìn náà tó sí.

Gordon Cooper ni ó sọ ọ́ tán, tàbí kí n sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti máa ń fi ẹ̀rín béèrè pé ta ni awakọ̀ tí ó mọ̀ ọ́n wà jù lọ, tí yóò sì dáhùn pé òun tí ẹ ń wò yìí ni. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí fíìmù parí, akọ̀ròyìn bi í ní ìbéèrè kan náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa àwọn kan tí àwòrán wọn wà lórí ògiri, ní ibì kan tí kò sí mọ́. Wọ́n já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kámẹ́rà ń tàn wàwà, kò sí ẹni tí ó ń gbọ́. Cooper rẹ́rìn-ín, ó sì fún wọn ní ìdáhùn tí wọ́n wá gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ rẹ̀ gbéra, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún 1963. Bí ó ti ń lọ sókè, ohùn asọ̀tàn padà wá. Nínú gbólóhùn kan ó dárúkọ Grissom àti àwọn méjì yòókù, ó ní iná ni ó pa wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Ohùn Ridley ni. Kò sọ ohun mìíràn nípa Grissom, ó sì padà sí orí Cooper.